Bóòtù àlòkù tí mo rà, pákó inú ẹ̀yìn ẹ̀ ti jẹrà: ẹ gbà mí níyànjú

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, ìyàwó mi ló jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ẹja gbígbẹ àti edé ló ń tà, oṣooṣù ló máa ń lọ Ìgbókọ̀dá lọ kó ọjà, owó bóòtù láti Ìgbókọ̀dá dé Ayétòrò àtàwọn abúlé etí òkun yẹn sì ti ń jẹ gbogbo èrè ẹ̀ tán. La bá ní ká ra kékeré kan tiwa, kí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin máa wà á. Mo rí bóòtù fáíbà kan rà l'Ékòó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, àlòkù ni, ara ẹ̀ ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní funfun àti búlúù. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí Ifẹ̀ ná kí n lè tún àga inú ẹ̀ ṣe tí a bá ti gba ọlidé, ká tó gbé e gba Oǹdó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa.

Sátidé tó kọjá ni mo yọ skúrù méjì kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ níta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, omi dúdú bí omi aró, òórùn ẹ̀ dà bíi ti ewé tó ti jẹrà nínú kòtò. Bóòtù yìí sì ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o! Mo ti skúrúdíráfà bọ ihò yẹn, ó wọlé dé èèkù, mi ò tiẹ̀ fi agbára sí i. Mo wá ha ọ̀dà ara ẹ̀, bọ́dífílà ni mo bá lábẹ́ ẹ̀, irú èyí tí àwọn panẹbítà fi ń dí ara mọ́tò. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀ nípa ẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, torí owó àjọ ìyàwó mi wà níbẹ̀.

Ṣé èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ tún irú ẹ̀ ṣe ní Ifẹ̀ níbí, àbí kí n gbà pé owó ti wọgbó? Mo mọ iṣẹ́ káfíńtà díẹ̀, bàbá mi ló kọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan fáíbà rí.

Káfíńtà Òkè-Ògbó
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì, owó ò tíì wọgbó. Igi tó wà nínú fáíbà dà bí ẹni tó wọ aṣọ òjò, omi ò lè gba ara aṣọ wọlé, ṣùgbọ́n tó bá ti gba ọrùn wọlé, kò rọ́nà jáde mọ́. Skúrù tí ẹ yọ yẹn gan-an ni ọrùn aṣọ.

Ẹ má tíì gé nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó jẹrà dé. Ẹ fi òòlù kékeré tàbí èèkù skúrúdíráfà máa kan ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, láti ọ̀tún lọ sósì. Ibi tí igi ti dáa á dún ko-ko-ko bí ìgbà tèèyàn ń kan ilẹ̀kùn, ibi tó ti rà á dún bù-bù bí ìgbà tèèyàn ń gbá àpò gààrí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó bá dún bù-bù ká. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ wá fi dírílù tín-ín-rín lu ihò láti INÚ, ẹ má jẹ́ kó ja ìta, kẹ́ ẹ wo lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jáde. Tó bá mọ́ tó sì gbẹ, ibẹ̀ dáa. Tó bá dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu dírílù bí ẹ̀kọ, ibẹ̀ ti lọ. Ẹ lù ú títí dé ibi tẹ́ ẹ ti máa rí igi tó dáa, kẹ́ ẹ tún kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ inú ẹ̀ náà àtàwọn igi gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn o.

Ọmọ Etí Òkun
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúpẹ́ pé orí ilẹ̀ lẹ ti rí i. Ẹ má gbé ẹ́ńjìn kọ́ ọ o, kódà kó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ dán an wò. Ẹ̀yìn yẹn nìkan ni ẹ́ńjìn dì mú tó fi ń ti bóòtù, tẹ́ ẹ bá fún un níná á máa ti ibẹ̀ síwájú, tí ìgbì bá gbé e sókè tó já a lulẹ̀ á tún máa fà á sẹ́yìn, bó ṣe máa ṣe é títí dé ibi tí ẹ̀ ń lọ nìyẹn. Ojú mi ló ṣe lọ́nà Ayétòrò, ẹ̀yìn bóòtù kan ya tòun ti ẹ́ńjìn alágbára ẹṣin ogójì tó wà lórí ẹ̀, omi ti kún ibẹ̀ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn tó dìde. Gbogbo wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì, bóòtù míì sì wà nítòsí, ìyẹn ni ò jẹ́ kó di òkú. Mi ò lè gbàgbé igbe àwọn obìnrin yẹn.

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kàn án bí ẹ ṣe wí, ṣọ́ọ̀kì kún gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, igun òkè apá ọ̀tún nìkan ló dún ko-ko. Mo gé ilẹ̀ inú ẹ̀ wò, fóòmù abẹ́ ẹ̀ ti mumi yó, mo yọ ègé kan tí kò ju búrẹ́dì kékeré lọ mo fún un, omi inú ẹ̀ kún ife. Igi gígùn mẹ́ta ló wà lábẹ́ ilẹ̀, ti àárín ń rún lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kúrú, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ jẹrà ní ìdí tó sún mọ́ ẹ̀yìn. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo gé díẹ̀ lára pákó ẹ̀yìn yẹn mo gbé e sí oòrùn, arère ni! Ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn fi arère sí ibi tí ẹ́ńjìn máa dì mú.

Káfíńtà Òkè-Ògbó
Áà! Arère àti afàrà, igi inú ilé ni wọ́n, wọn ò bá omi ṣọ̀rẹ́ rárá. Èmi á lo ọ̀pẹ̀pẹ̀ o, òun ni wọ́n fi ń ṣe òpó tó ń dúró nínú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí apá. Ọ̀mọ̀ náà dáa, òun làwọn baba wa fi ń gbẹ́ ọkọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, ó fúyẹ́. Ẹ máa rí wọn ní sọ́míìlì.

Fáíbà Modákẹ́kẹ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Táǹkì ẹja àti táǹkì omi ni mò ń fi fáíbà ṣe, ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín tọ́ fún ọkọ̀ tí wọ́n fi igi ṣe látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n pákó odindi tí wọ́n bá fi fáíbà bò, ó máa ń wú ó sì máa ń sún kì, fáíbà kì í sì í bá a wú, bó pẹ́ bó yá ó máa sán lára ẹ̀, omi á tún rọ́nà wọlé. Ìdí tí wọ́n fi ń lo pláíwúùdù nìyẹn, torí wọ́n to àwọn awẹ́ ẹ̀ dábùú ara wọn, kò lè wú lọ síbì kankan. Pláíwúùdù tó dáa ni kẹ́ ẹ lò, méjì tó nípọn ní mílímítà méjìdínlógún, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìrókò ńkọ́, ẹ má lò ó lábẹ́ résìn, ìyẹn omi tó ń le tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà, mo ti dán an wò, nǹkan kan wà lára igi yẹn tí kì í jẹ́ kí résìn polyester le dáadáa, ojú ẹ̀ á kàn máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá lọ ra résìn, wọ́n lè fún yín ní ìgò kékeré méjì mọ́ ọn, àwọn ló ń mú kó le. Ọ̀kan ní àwọ̀ àlùkò, kóbọ́ọ̀tì nìyẹn. Ọ̀kan mọ́ lóló bí omi, kátálístì nìyẹn. Ẹ Ò GBỌDỌ̀ da ìgò méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn láé, iná ni, ó lè bú gbàmù. Kóbọ́ọ̀tì lẹ máa kọ́kọ́ dà sínú résìn, ẹ rò ó títí táwọ̀ ẹ̀ á fi dọ́gba, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gan-an lẹ tó máa da kátálístì sí i. Ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 20 fún kílò résìn kan, nínú ooru ọ̀dọ̀ wa níbí ẹ má ju kan lọ. Tí kátálístì yẹn bá ta sí yín lójú, ó lè fọ́ ojú, ẹ sáré fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gba ọsibítù lọ, torí náà ẹ wọ gíláàsì. Ẹ wọ ìbòmú gidi tẹ́ ẹ bá ń fi gíráńdà ha fáíbà, kì í ṣe hańkáṣíìfù o, eruku ẹ̀ dígí ni, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kẹ́ ẹ fọ ọ́ lọ́tọ̀, kó má kàn ti àwọn ìbejì.

Ìyá Ẹlẹ́ja Iléṣà
Bàbá Ìbejì, ẹ kí ìyàwó yín fún mi, ẹ ní kó má sunkún. Ọkọ mi ṣiṣẹ́ bóòtù nígbà kan ní Ẹ̀pẹ́ kí a tó padà wá sí Iléṣà, ohun tó máa ń sọ ni pé omi òjò ló ń pa bóòtù ju omi òkun lọ. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí ohun tó ń jẹ igi yẹn gbèrú, omi òjò ló fẹ́ràn. Bóòtù tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí ọ̀sà lè pẹ́ ju èyí tí wọ́n gbé sẹ́yìnkùlé tí òjò ń rọ̀ sí.

Ohun tó ń jẹ igi yẹn sì rèé, ìran olú ni, àwọn ọmọ ìyá olú tí à ń sè jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá kòkó rí ní oko Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà á tètè lóye ẹ̀: kòkó tí kò gbẹ dénú tẹ́ ẹ wá dì sápò, ṣé kì í hu? Bẹ́ẹ̀ náà ni igi. Tí omi ara ẹ̀ ò bá tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, olú ò lè hù níbẹ̀, tó bá ti jù ú lọ dáadáa tó tún rí atẹ́gùn, ó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹ má kánjú dí igi tó kù pa nígbà tó ṣì tutù, ẹ ó kàn bá olú yẹn kọ́lé ni. Ẹ dúró de ọyẹ́.

Fáíbà Modákẹ́kẹ́
Ọ̀rọ̀ Màmá yìí tọ́, kò sígbà tó dáa tó ọyẹ́ fún iṣẹ́ fáíbà.

Wẹ́dà Ìjẹ̀ṣà
Ẹ fi pélébé àlùmínọ̀mù sí inú àti ìta ibi tí ẹ́ńjìn máa gé mọ́, kí irin ẹ̀ má máa jẹ pákó. Ẹ má lo irin lásán. Nọ́ọ̀tì, ẹ ra sítéńlẹ́ẹ̀sì, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹ máa wá ẹ̀dínwó lórí ẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè kan, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé pláíwúùdù dáa? Èyí tí wọ́n ń kó jọ síta lọ́nà Ìbàdàn yẹn, gbogbo ẹ̀ jọra lójú mi. Àti pé ṣé kí n fi Solignum tàbí ẹ́ńjìn ọ́ìlì dúdú ra igi náà ká tó fi fáíbà bò ó, bí a ṣe ń ṣe igi òrùlé?

Káfíńtà Òkè-Ògbó
Ẹ ní kí wọ́n bá yín gé ègé kékeré kan, ẹ gbé e lé iná, ẹ sè é bí ẹni ń se ẹ̀wà, wákàtí méjì. Tí àwọn awẹ́ ẹ̀ bá ṣí kúrò lára wọn, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ti omi, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe wọ́dúróòbù. Tó bá jáde tó ṣì dì mọ́ra, ẹ rà á. Kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀ náà, tí ihò bá wà láàárín awẹ́, omi á jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ̀pẹ̀ tí mo sọ, mo gbà fún Fáíbà, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Fáíbà Modákẹ́kẹ́
Ẹ má fi ọ́ìlì tàbí Solignum kankan ra á o! Résìn kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó ní òróró. Igi gbígbẹ lásán la fẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ fi résìn tó ṣàn dáadáa kun gbogbo ara ẹ̀, pàápàá etí ẹ̀ yípo, ibi tí igi ti ń mu omi bí ọmú nìyẹn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mu ún kẹ́ ẹ tún kùn ún.

Ohun kan tí mo gbàgbé. Kí ni bóòtù náà jókòó lé báyìí? Tẹ́ ẹ bá ti yọ ilẹ̀ àtàwọn igi gígùn yẹn, ara fáíbà á rọ̀, bó bá ṣe wọ́ nígbà náà ló máa ṣe le, ẹ ó wá ní bóòtù tó ń yà sápá kan lórí omi títí ayé.

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Táyà mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀. Mo ti rí i pé kò dáa. Mo máa gbé e sórí igi lónìí.

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí pé màá padà wá jíhìn, ọlidé ti parí, iṣẹ́ náà sì ti parí.

Mo kọ́kọ́ kan igi márùn-ún sábẹ́ bóòtù, mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ìrísí ikùn ẹ̀ mu, mo ta okùn láti iwájú dé ẹ̀yìn kí n lè mọ̀ tó bá yà. Lẹ́yìn náà ni mo gé fáíbà inú ní ẹ̀yìn, mo fi ti ìta sílẹ̀ kó lè jẹ́ àpẹẹrẹ tí màá fi mọ bó ṣe rí. Igi inú ẹ̀, ṣọ́bìrì kékeré ni mo fi kó o, kò gba ṣísẹ́lì, àfi igun ọ̀tún yẹn. Mo wọ̀n ọ́n, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ló kún. Fóòmù, mo kó gbogbo ẹ̀ dànù. Ọ̀nà tí omi gbà wọlé hàn kedere nígbà yẹn: ihò tí wọ́n fi ń da omi nù nísàlẹ̀, igi inú ẹ̀ wà níhòòhò, wọn ò fi résìn tàbí gọ́ọ̀mù kankan dí etí ẹ̀. Ihò kan ṣoṣo o, tó tó àtàǹpàkò mi.

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, mo ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi tàpólì bò ó lókè kí ìrì má sẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbà á kọjá. Mi ò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ omi ara igi, mo wá gé ègé kan lára igi ẹ̀gbẹ́ tó kù, mo ń fi ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ẹja wọ̀n ọ́n láràárọ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń fúyẹ́ sí i, ó ń fúyẹ́ sí i, ìgbà tí iye ẹ̀ ò yí padà fún ọjọ́ márùn-ún ni mo tó gbà pé ó gbẹ.

Pláíwúùdù mẹ́ta ni mo sè, méjì ṣí, ẹ̀kẹta ni mo rà. Résìn àkọ́kọ́ tí mo pò, kílò kan ni mo pò lẹ́ẹ̀kan nínú ike jíjìn, ọ̀sán sì ni, kí n tó lo ìdajì ẹ̀ ó ti le, ó ń gbóná, ó ń rú èéfín, mo ní láti gbé e jù sórí iyanrìn lóde. Láti ọjọ́ yẹn ìdajì kílò ni mò ń pò, nínú àwo pẹrẹsẹ, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi gíráńdà ha fáíbà àtijọ́ títí ó fi funfun tí kò dán mọ́, mo fi résìn tí mo pò nípọn tẹ́ gbogbo ẹ̀yìn, mo gbé pákó méjì tí mo ti lẹ̀ pọ̀ sínú ẹ̀, mo fi nọ́ọ̀tì gígùn gba inú ihò ẹ́ńjìn àtijọ́ fún un mọ́ ìta, résìn ń yọ yíká etí ẹ̀, mo mọ̀ nígbà yẹn pé kò sí àyè tó ṣófo. Igun tí pákó ti pàdé ara bóòtù, mo fi résìn tó nípọn dí i kó tẹ̀ wọnú bí inú ṣíbí, torí fáíbà kì í fẹ́ tẹ̀ lójijì. Ìpele fáíbà mẹ́fà ni mo tẹ́ lé e, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó bá tẹ̀ lé e á fẹ̀ jù ú lọ, èyí tó kẹ́yìn gun ara bóòtù ní ìnṣì mẹ́jọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn igi gígùn yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo yọ wọ́n, ìgbà tí mo bá ti fi tuntun sí àyè ẹ̀ tó sì le ni mo tó yọ ìkejì. Mo gé ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ wọn kí omi má dúró sójú kan, mo sì fi résìn kun inú àwọn ihò náà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́! Inú mi dùn. Ṣé ẹ máa gbé e lọ sí Ọ̀pà lọ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé e rìnrìn àjò?

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Rárá mà, adágún Ọ̀pà nínú OAU, nítorí omi mímu ọgbà ni wọ́n ṣe dínà omi yẹn ní 1978, mi ò fẹ́ lọ fi bóòtù tí ọ̀dà ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Inú ẹ̀ ni mo da omi sí, ìnṣì mẹ́ta, mo fi bébà ìròyìn tẹ́lẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́jú. Bébà gbẹ ní àárọ̀.

Ọmọ Etí Òkun
Ihò nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìn ńkọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà.

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Fáíbà Modákẹ́kẹ́ wá sílé fúnra ẹ̀ wá fi hàn mí, Ọlọ́run á bù kún un. A lu ihò náà tóbi ju nọ́ọ̀tì lọ ní ìlọ́po méjì, a fi résìn tó nípọn dí i pátápátá, ìgbà tó le ni a wá lu ihò tó bá nọ́ọ̀tì mu gba àárín résìn yẹn. Báyìí, bí omi bá tiẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì wọlé, résìn ló máa bá, kò ní bá igi. Gbogbo skúrù tó wà lára bóòtù náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ́n, títí kan ti àga. Ó gba ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la gbé e sórí Canter lọ Ìgbókọ̀dá. Ẹ́ńjìn ogójì ni àbúrò ìyàwó mi kọ́ ọ, èmi àtòun dúró lé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìn yẹn kó tó kan omi, ẹ̀yìn ẹ̀ ò mì. Ọjọ́ kẹta tó ti ń ṣiṣẹ́ ló pè mí, ó ní òun ti tẹ ọwọ́ bọ abẹ́ ilẹ̀ inú ẹ̀, eruku ló bá òun lọ́wọ́. Ìyàwó mi ti lọ Ayétòrò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti kó edé dé.

Aláàárọ̀ Mọ̀rẹ̀
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà fẹ́ ra ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, kí ni kí n mú dání?

Bàbá Ìbejì Ìlódè
Òòlù kékeré, ṣọ́ọ̀kì, skúrúdíráfà, àti ẹnìkejì tó sanra. Kí ẹnìkejì yẹn dúró lé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìn kí ẹ máa wo ẹ̀yìn bóòtù bóyá ó ń tẹ̀. Kí ẹ sì bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kí ẹ yọ skúrù méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó ka owó. Tó bá kọ̀, ẹ wá ibòmíì.